Ọkọ̀ Tí A Gbé Sílé: Bí Òfin Ìdójútòfò Ṣe Kúrò Lójú Títì Wọ Inú Ọgbà

Ọkọ̀ tí kò rìn kò lè pa ènìyàn: bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò ó nìyẹn. Ọkọ̀ tí ń lọ tí ń bọ̀ lójú títì ni ó yẹ kí a san owó ìdójútòfò lé lórí, ìyẹn owó tí tẹrú tọmọ ń pè ní owó ìnṣọ́ránsì. Èyí tí olówó rẹ̀ ti gbé sínú ọgbà, tí taya rẹ̀ ti rọ̀, tí adìyẹ ti ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀, kí ni ó fẹ́ fi ìdójútòfò ṣe? Síbẹ̀, láti ọdún 2011, ẹni tí ó bá ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Bìrìtéènì, tí kò san owó ìdójútòfò rẹ̀, tí kò sì fi tó ìjọba létí pé òun ti gbé e kúrò lójú títì, ti di arúfin. Kò dìgbà tí ó bá wà á lọ síbì kankan. Kò tilẹ̀ dìgbà tí ó bá fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Báwo ni òfin tí wọ́n ṣe nítorí ojú títì ṣe wọ inú ọgbà ènìyàn? Ìtàn náà gùn, ó sì gba iwájú adájọ́ púpọ̀ kọjá. Ó yẹ kí àwa náà mọ̀ ọ́n, nítorí pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní ìlú London, Manchester àti Birmingham wà lábẹ́ òfin yìí, àti nítorí pé inú agbada kan náà ni wọ́n ti din òfin ìdójútòfò ọkọ̀ ti Nàìjíríà.

Ọ̀rọ̀ méjì inú òfin ọdún 1930

Kí ó tó di ọdún 1930, ẹni tí ọkọ̀ bá gbá ní Bìrìtéènì lè pe awakọ̀ lẹ́jọ́, ó sì lè jàre. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ jíjàre kì í ṣe owó. Bí awakọ̀ náà bá jẹ́ tálákà, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ yóò gbé ìwé ìdájọ́ relé, ebi yóò sì máa pa àwọn ọmọ rẹ̀. Lọ́dún 1930 yìí, nígbà tí gbogbo ọkọ̀ tí ó wà ní ilẹ̀ náà kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.3 lọ, àwọn tí ìjàm̀bá ọkọ̀ pa lé ní 7,000. Herbert Morrison, mínísítà ètò ìrìnnà nínú ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú Labour, ni ó darí àbádòfin tí ó di Road Traffic Act. Òfin yìí kan náà tí ó mú òté eré 20 máìlì ní wákàtí kúrò lọ́rùn àwọn ọkọ̀ kéékèèké ni ó pa á láṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lo ọkọ̀ lójú títì láìní ìdójútòfò fún ẹni tí ọkọ̀ náà lè pa tàbí kí ó ṣe léṣe.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ méjì sọ́kàn nínú gbólóhùn yẹn: lílò, àti ojú títì. Orí ọ̀rọ̀ méjèèjì ni gbogbo àríyànjiyàn tí ó tẹ̀ lé e dúró lé fún àádọ́rùn-ún ọdún.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé àṣẹ nìkan kò tó. Àwọn kan ń wakọ̀ láìsan owó. Àwọn mìíràn ń gbá ènìyàn, wọ́n sì ń sá lọ. Ní ìparí ọdún 1945, àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò bá mínísítà ìrìnnà ṣe àdéhùn, nígbà tí ó sì di ọdún 1946, Motor Insurers' Bureau bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àpò àjùmọ̀ní ni: gbogbo ilé-iṣẹ́ adójútòfò ń dá owó sí i, a sì ń fi owó náà san gbà-máà-bínú fún ẹni tí awakọ̀ tí kò ní ìdójútòfò bá ṣe léṣe. Ṣùgbọ́n ta ni owó inú àpò náà ń ti ọwọ́ rẹ̀ wá gan-an? Àwọn tí ń san ti wọn déédéé ni. Owó olóòótọ́ ni a fi ń wo ọgbẹ́ tí aláìṣòótọ́ dá sí ọmọlọ́mọ lára. Ohun yìí ni ó fà á tí ìjọba kò fi lè fọwọ́ lẹ́rán nígbà tí iye àwọn tí kò sanwó ń pọ̀ sí i.

Ọkọ̀ tí kò ní bátìrì

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, lílò, ni ó kọ́kọ́ yí ìtumọ̀ padà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1958, ọkọ̀ ọkùnrin kan bàjẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gbé e kalẹ̀ lójú títì níwájú ilé rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Ó yọ bátìrì rẹ̀, ó fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ó sì fòpin sí ìdójútòfò rẹ̀, nítorí pé lójú tirẹ̀, irin lásán ni ó kù. Nígbà tí ọdún yí sí 1959, wọ́n bá ọkọ̀ náà níbẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀sùn kan án pé ó ń lo ọkọ̀ lójú títì láìní ìdójútòfò.

Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ènìyàn ṣe ń lo ọkọ̀ tí kò lè rìn? Ìbéèrè tí agbẹjọ́rò rẹ̀ gbé síwájú Lord Parker, olórí àwọn adájọ́ nígbà náà, nìyẹn. Ìdáhùn adájọ́ náà ni pé lílò tí òfin ń sọ kì í ṣe wíwà nìkan. Ẹni tí ọkọ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, tí ó lè ṣe é bí ó ti wù ú, ni ó ń lò ó. Ọkọ̀ náà kò ṣeé wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé tì, ohun tí ó bá sì ṣeé tì lójú títì lè ṣe ènìyàn ní jàm̀bá. Ọkùnrin náà jẹ̀bi.

Ọ̀rọ̀ kejì, ojú títì, kò tètè yẹ̀. Lọ́dún 1998, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní Bìrìtéènì, ìyẹn Ilé Àwọn Ìjòyè, sọ pé ibi ìgbọ́kọ̀sí kì í ṣe ojú títì, nítorí náà òfin ìdójútòfò kò dé ibẹ̀. Lọ́dún 2000, wọ́n fi kún òfin náà pé ibi gbogbo tí ará ìlú ní àǹfààní láti wọ̀ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu géètì ni òfin náà dúró sí. Ẹni tí ó bá gbé ọkọ̀ rẹ̀ wọlé, tí ó ti ilẹ̀kùn, ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti orí táyà dé inú ìwé

Lójú àwọn ọlọ́pàá, àléébù òfin àtijọ́ ni pé ó dìgbà tí wọ́n bá pàdé ọkọ̀ lójú títì kí wọ́n tó lè mú ẹni tí kò sanwó. Ọkọ̀ pọ̀, ọlọ́pàá kéré. Lọ́dún 2004, David Greenaway, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ní Yunifásítì Nottingham, kọ àbọ̀ ìwádìí fún ìjọba lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní nínú awakọ̀ 20, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan ni kò ní ìdójútòfò. Kí wá ni ṣíṣe? Bí a kò bá lè lé ọkọ̀ bá lójú títì, ẹ jẹ́ kí a lọ bá a nínú ìwé. Orúkọ gbogbo ọkọ̀ wà ní ọwọ́ àjọ DVLA tí ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀. Orúkọ gbogbo ọkọ̀ tí a ti sanwó lé lórí sì wà ní ọwọ́ àwọn adójútòfò. Bí kọ̀ǹpútà bá gbé ìwé kìíní ti èkejì, ọkọ̀ tí ó bá wà nínú ti àkọ́kọ́ tí kò sí nínú èkejì yóò hàn gbangba.

Ilé aṣòfin ṣe òfin náà lọ́dún 2006, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹfà ọdún 2011 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Scotland àti Wales. Ẹṣẹ̀ tuntun ni ó dá sílẹ̀. Ti àtijọ́ ni kí ènìyàn lo ọkọ̀ láìní ìdójútòfò. Ti ìsinsìnyí ni kí orúkọ ènìyàn wà lórí ọkọ̀ tí kò ní ìdójútòfò. Bí ọkọ̀ kan bá yọ sílẹ̀ nínú àyẹ̀wò, wọn yóò kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Bí kò bá ṣe nǹkan kan sí i, ìtanràn £100 dé. Bí ó bá tún ṣe orí kunkun, wọ́n lè fi irin de táyà ọkọ̀ náà bí wọ́n bá rí i lójú títì, wọ́n lè gbé e lọ kí wọ́n sì fọ́ ọ túútúú, wọ́n sì lè gbé e dé ilé ẹjọ́, níbi tí ìtanràn ti lè tó £1,000.

Ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo ni ó wà fún ẹni tí kò fẹ́ wa ọkọ̀ rẹ̀: kí ó sọ ọ́. Ètò ìsọfúnni yìí ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 1998, nítorí owó-orí ọkọ̀ ni wọ́n sì ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Statutory Off Road Notification ni wọ́n ń pè é, SORN ni ìkékúrú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti fi tó DVLA létí pé ọkọ̀ òun ti kúrò lójú títì kò ní san owó-orí, láti ọdún 2011 kò sì ní san owó ìdójútòfò. Kò ní san kọ́bọ̀ fún ìsọfúnni náà. Látẹ̀yìnwá, ọdọọdún ni wọ́n ń tún un ṣe, ṣùgbọ́n láti oṣù Kejìlá ọdún 2013, ẹ̀ẹ̀kan náà ti tó títí olówó ọkọ̀ yóò fi san owó-orí padà, tí yóò tà á, tàbí tí yóò fọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, tí ó tún wa ọkọ̀ náà jáde, àfi bí ó bá ń gbé e lọ sí ibi àyẹ̀wò tí ó ti gba àkókò sílẹ̀ fún, lè san ìtanràn tí ó tó £2,500.

Ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án, lẹ́ẹ̀mejì

Bí Bìrìtéènì ti ń ṣe tirẹ̀, ni àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Yúróòpù mìíràn náà ń rin ìrìn tiwọn. Láti ọdún 1972 ni àjọ ìṣọ̀kan wọn ti pàṣẹ pé kí gbogbo ọkọ̀ ní ìdójútòfò. Àṣẹ náà kò dárúkọ ojú títì rárá, ṣùgbọ́n fún ọdún púpọ̀, kò sí ẹni tí ó fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí i.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2007, àwọn kan ń kó koríko gbígbẹ sí òkè abà kan ní Slovenia. Katakata kan ń rìn sẹ́yìn nínú àgbàlá oko náà, ẹrù tí ó ń fà kọ lu àkàsọ̀, ọkùnrin tí ó wà lórí àkàsọ̀ sì já bọ́. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní òun kò ní san nǹkan kan, nítorí pé katakata náà kò sí lójú títì, iṣẹ́ oko ni ó ń ṣe. Ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Ẹjọ́ àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ní Luxembourg. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, àwọn adájọ́ ní níbikíbi tí ọkọ̀ bá ti ń ṣe iṣẹ́ tí ó jẹ́ tirẹ̀, ìdójútòfò gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀. Ojú títì ti kúrò nínú ọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án kan náà, lọ́dún 2018, ẹjọ́ tí ó dun ènìyàn jù lọ nínú gbogbo ìtàn yìí gba ìdájọ́. Ìyá kan ní ilẹ̀ Pọtogí ní àìlera, kò sì wa ọkọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó gbé e sínú ọgbà ilé rẹ̀. Kò san owó ìdójútòfò rẹ̀ mọ́, kò sì lọ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé ìjọba. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2006, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gbé ọkọ̀ náà jáde láìjẹ́ kí ìyá rẹ̀ mọ̀. Ọkọ̀ náà yà kúrò lójú ọ̀nà, ọmọ náà sì kú pẹ̀lú àwọn méjì tí ó gbé. Àpò ìjọba ilẹ̀ Pọtogí san gbà-máà-bínú fún àwọn ẹbí èrò méjèèjì, lẹ́yìn náà ni ó bèèrè owó náà lọ́wọ́ ìyá yìí àti lọ́wọ́ ọmọ tí olóògbé náà fi sáyé lọ. Owó náà lé ní 437,000 yúrò.

Ìyá náà ní òun kò wa ọkọ̀, òun kò sì fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti wà á. Ilé ẹjọ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé, tí ó sì ṣeé wà, gbọ́dọ̀ ní ìdójútòfò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ọgbà ni olówó rẹ̀ gbé e sí, tí kò sì ní i lọ́kàn láti wà á mọ́. Wọ́n ní òfin àjọ náà kò sì sọ pé kí orílẹ̀-èdè kan má gba owó náà padà lọ́wọ́ olówó ọkọ̀ tí kò ṣe ojúṣe yìí, kódà bí ìjàm̀bá náà kò bá tọwọ́ rẹ̀ wá. Ẹni tí ó lẹrú ni ó lẹrù: òwe wa ni, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé wọ́n gbọ́ ọ ní Luxembourg.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, wọ́n tún sún un síwájú sí i. Ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Pólándì gba ọkọ̀ kan nípa àṣẹ ilé ẹjọ́, ọkọ̀ tí kò wúlò mọ́ tí wọ́n fẹ́ fọ́, tí wọ́n gbé sí ibi tí a ń ṣọ́. Ilé ẹjọ́ ní níwọ̀n ìgbà tí orúkọ rẹ̀ kò tíì kúrò nínú ìwé, ó di dandan kí ó ní ìdójútòfò. Ẹ ò rí i pé a ti jìnnà sí ọdún 1930. Nígbà náà, ohun tí ọkọ̀ ń ṣe ni òfin ń wò. Nísinsìnyí, ohun tí ìwé ń sọ nípa rẹ̀ ni.

Ìpadàsẹ́yìn

Ìdájọ́ ọdún 2014 kó ìpayà bá ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Bìrìtéènì. Ṣé ẹ̀rọ tí a ń gùn gé koríko náà yóò ní ìdójútòfò ni? Ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń gùn ká pápá gọ́ọ̀fù ńkọ́? Ọkọ̀ eré ìje tí kì í kúrò lórí pápá ńkọ́? Ìjọba ṣírò pé owó tí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ń san yóò fi nǹkan bíi £50 lé sí i lọ́dún. Nígbà tí Bìrìtéènì ti kúrò nínú àjọ náà, aṣòfin Peter Bone gbé àbádòfin kan wá, ọba sì fọwọ́ sí… àní ọbabìnrin Elizabeth ṣì wà lórí oyè nígbà náà, àṣẹ rẹ̀ sì bà lé e ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2022. Òfin náà dá ìdójútòfò dandan padà sí ojú títì àti ibi tí ará ìlú ń wọ̀. Àjọ Yúróòpù náà tún tirẹ̀ ṣe ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021: wọ́n ní iṣẹ́ ìrìnnà nìkan ni kí a kà sí lílò, wọ́n sì fún àwọn orílẹ̀-èdè ní ààyè láti yọ ọkọ̀ tí olówó rẹ̀ ti kéde pé òun ti gbé kalẹ̀ sílẹ̀ nínú dandan yìí, bí àpò kan bá ti wà tí yóò tọ́jú ẹni tí ó bá fara pa.

Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka àwọn tí ó pàdánù mọ́ ọn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2013, awakọ̀ kan tí kò ní ìdójútòfò fi ọkọ̀ lé ọkùnrin kan wọ inú pápá oko kan ní Bìrìtéènì, ó sì gbá a. Ọkùnrin náà fara pa gidigidi. Òfin Bìrìtéènì fúnra rẹ̀ kò dé inú oko, ṣùgbọ́n nítorí ìdájọ́ Luxembourg, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ lọ́dún 2019 pé Motor Insurers' Bureau gbọ́dọ̀ san gbà-máà-bínú fún un. Ọ̀nà tí ó gbà rí ìrànwọ́ yẹn ni òfin ọdún 2022 dí. £50 tí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan kò san, ẹnì kan wà níbìkan tí yóò san án.

Nàìjíríà àti ìwé orúkọ

Ìjọba amúnisìn gbé òfin ìdójútòfò ẹnikẹta wọ Nàìjíríà lọ́dún 1945, ó sì fi ti ọdún 1930 ṣe àwòkọ́ṣe. Òfin ìdójútòfò ti ọdún 2003 fi kún un pé kí ó kan dúkìá ẹlòmíràn tí ọkọ̀ bá bàjẹ́, dé ₦1,000,000 ó kéré tán. Láti oṣù Kìíní ọdún 2023, owó ìdójútòfò ẹnikẹta fún ọkọ̀ àdáni kúrò ní ₦5,000, ó di ₦15,000. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá pàṣẹ pé kí wọ́n máa yẹ ìwé náà wò káàkiri orílẹ̀-èdè. Nínú òfin méjèèjì, ti ọdún 1945 àti ti ọdún 2003, lílò lójú títì ni ó jẹ́ ìdí ọ̀rọ̀, ojú títì náà sì ni ọlọ́pàá ti ń wá arúfin.

Bóyá ẹnì kan yóò ní kí a gba ti Bìrìtéènì, kí a máa fi kọ̀ǹpútà mú àwọn tí kò sanwó. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 2011 kò lè dúró láìsí ìwé orúkọ tí ó péye. Ọkọ̀ tí a tà lẹ́ẹ̀mẹta láìyí orúkọ padà, èyí tí ó ti di irin àlòkù ní ọgbà mẹkáníìkì, èyí tí olówó rẹ̀ ti kú: ta ni a óò kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí? A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kí ìwé kọ́kọ́ bá ilẹ̀ mu, kí ìtanràn tó tẹ̀ lé e.

Ní tèmi, ohun tí ọgọ́rùn-ún ọdún yìí kù díẹ̀ fi hàn ni pé ọkọ̀ tí a gbé sílé kò dákẹ́ títí a ó fi sọ fún ẹni tí ó yẹ pé ó ti dákẹ́. Kọ́kọ́rọ́ wà, ọmọ wà nínú ilé, ojú títì sì wà lẹ́yìn géètì. Nítorí náà, kò burú kí òfin béèrè gbólóhùn kan lọ́wọ́ ẹni tí kò fẹ́ sanwó. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí gbólóhùn náà jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ó rọrùn fún arúgbó àti aláìsàn, kí ìkìlọ̀ sì ṣáájú ìyà. Ìyá ilẹ̀ Pọtogí yẹn kò ṣe ju pé ó pa ìwé kan tì lọ. Àwọn ẹbí èrò méjèèjì tí ó kú náà kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Òfin tí kò bá rántí àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní ìlú òyìnbó, bí ọkọ̀ kan bá wà lẹ́yìn ilé yín tí ẹ kò wà mọ́, ẹ lọ wo ohun tí ìwé DVLA ń sọ nípa rẹ̀ kí lẹ́tà tó dé.